Ìkíni Ló Pa Bátìrì Ọnọ́rébù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń fi àtàǹpàkò ti fóònù sókè sódò, ẹ dìde náà. A kì í jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọnọ́rébù Gbénró Oyèbọ̀dé. Bí Ọnọ́rébù bá ń bọ̀, Nathaniel, akọ̀wé wọn, á ti ṣáájú, á máa pariwo pé, "Bàbá Odò ń bọ̀ o! Ẹja Ńlá Inú Ọ̀sà! Ọ̀mọ̀wé Ago-Ìwòyè!"

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á fún yín. Ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń wí yẹn, ìpàdé ọlọ́jọ́ kan ni Ọnọ́rébù lọ ṣe ní yunifásítì Ago-Ìwòyè. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò lẹ́nu géètì, wọ́n padà sílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó tán. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, tẹ́ ẹ bá béèrè iye aago lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Nígbà tí mo wà ní yunifásítì..."

Ẹja Ńlá wá ńkọ́? Ọnọ́rébù ò mọ omi í wẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ tí omi dúró díẹ̀ níwájú ilé wọn, ọ̀kadà ni wọ́n ń pè kó gbé wọn kọjá. Irú èèyàn báyìí ni wọ́n wá fi ṣe Alága Ìgbìmọ̀ Ọkọ̀ Aláìsàn Orí Omi. Ẹ má bi mí báwo. Ó jọ pé ẹni tó yàn wọ́n náà ṣì ń bi ara rẹ̀.

Ọkọ̀ náà dé sí èbúté Ìwopin, ó funfun báláú, ó dára ju ilé ẹlòmíì lọ. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀ fún aláìsàn. Ẹ́ńjìnì ńlá wà nídìí ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á ò sì fara sin: kó máa lọ gbé aláìsàn àti aboyún láti àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà wá sí ọsibítù kékeré tó wà létí omi.

Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá ṣí pákó ìsàlẹ̀, ó fi bátìrì méjì han Ọnọ́rébù.

Ó ní, "Sà, èyí ń jí ẹ́ńjìnì. Èyí ń tan iná. Súwìṣì pupa yìí ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí iná bá fa ọ̀kan gbẹ, èkejì ò ní gbọ́ sí i, ẹ́ńjìnì yín á ṣì jí, ẹ ó délé. Tí ẹ́ńjìnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́, òun fúnra ẹ̀ á máa ṣáàjì wọn padà."

Ọnọ́rébù wo bátìrì méjèèjì. Ojú wọn pọ́n.

"Méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló pín agbára mi sí méjì?" Wọ́n yíjú sí èrò tó wà ní èbúté, wọ́n na ọwọ́ sókè bí ẹni pé ìdìbò lọ̀la. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn ọ̀tá ti bẹ̀rẹ̀! Wọ́n ní kí bátìrì kan máa ṣiṣẹ́, kí èkejì máa wò ó! Ṣé bí a ṣe ń ṣe ìlú nìyẹn? Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni ìṣọ̀kan! Ọkọ̀ kan! Agbára kan! Alága kan!"

"Kan ṣoṣo!" Nathaniel dáhùn, ó ń fi fóònù gbé e jáde láàyè lórí Fésíbúùkù.

Nọ́fíù rewáyà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú páláyà lọ́wọ́. Nọ́fíù mọ wáyà dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ á purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ Ọnọ́rébù ti ṣèlérí fún un pé òun náà ló máa wa ọkọ̀ ọ̀hún, ẹ sì mọ bí ahọ́n ṣe ń rọ̀ tí iṣẹ́ bá ń bọ̀.

"Ọnọ́rébù, ọ̀rọ̀ yín dùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n tá a bá so wọ́n pọ̀, tí iná bá fà wọ́n gbẹ..."

"Nọ́fíù, ṣé ẹgbẹ́ alátakò lo wà ni?"

"Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mò ń so wọ́n lọ́wọ́, sà. Ẹ wò ó, mo ti so wọ́n."

Báyìí ni ìṣọ̀kan ṣe dé bá bátìrì.

Wọ́n tún rí okùn kan lórí ẹ́ńjìnì. Okùn yẹn ni wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnì jí bí bátìrì bá kú. Ọnọ́rébù ní kí ló dé tí Alága á fi máa fa okùn bí apẹja. Wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́. Nathaniel fi í sá aṣọ.

Ó kan bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, wọ́n gbé àga ńlá kan wọlé, àga onítìmùtìmù pupa tó fẹ̀ bí ìtẹ́. Wọ́n gbé fíríìjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Wọ́n so fáànù mọ́ òkè ẹ̀. Wọ́n so gbohùngbohùn. Wọ́n wá fi gílóòbù wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀ kọ GBÉNRÓ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń ṣẹ́jú ní pupa àti àwọ̀ ewé, tọ̀sán-tòru. Tọ̀sán! Nínú oòrùn Ìwopin! Iná tó ń tàn nínú oòrùn, kí lẹ ó fi rí i?

Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Sírẹ́nì ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ọnọ́rébù ní ọkọ̀ tó bá jẹ́ ti ẹni ńlá gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni. Wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá kí Alága ní èbúté, sírẹ́nì ni kó dá a lóhùn, kí ẹnu Alága má baà rẹ̀. Bọ́tìnì ẹ̀ wà lápá àga, Ọnọ́rébù fúnra wọn ló ń tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọnọ́rébù!"

Fììììì-ò! Fììììì-ò!

Ẹ gbà mí o. Ṣé àwa ni kí wọ́n sọ fún pé kí á máa kí èèyàn? Àwa tá a ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, ẹni tó dìde, ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Ìwopin ti mọ eré náà. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja á dá iṣẹ́ dúró: "Ẹ kú ìjókòó o!" Fììììì-ò! Àwọn ọmọ iléèwé á tò: "Ẹ kú ooru yìí o!" Fììììì-ò! Apẹja kan tó ti kọjá lọ á yí ọkọ̀ padà: "Ọnọ́rébù, mo gbàgbé, ẹ kú àná!" Fììììì-ò! Ìyá àgbà kan kúkú gbé àpótí wá sí èbúté, ó jókòó, ó ń kí wọn bí ẹni ń ju àgbàdo sí adìẹ. "Ẹ kú fáàrí o!" Fììììì-ò! Ọnọ́rébù rò pé ìfẹ́ ni. Omi ń bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ gbójú sókè ẹ wo igun fóònù yín. Èló ló kù? Ẹ ti mọ̀ pé tí ojú fóònù bá mọ́lẹ̀ jù, tí Fésíbúùkù ṣí, tí orin ń kọ, tẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì lé e, kò ní pẹ́ kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀ ń jẹun lára ẹ̀, ẹ ò fún un lóúnjẹ. Bátìrì ọkọ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ẹ́ńjìnì ló ń bọ́ ọ, ẹ́ńjìnì kì í sì í bọ́ ọ àfi tí ọkọ̀ bá rìn. Ọkọ̀ yìí ò rìn! Ọnọ́rébù ní omi á ba ọ̀dà ẹ̀ jẹ́. Èbúté ló so mọ́, tó ń ṣẹ́jú, tó ń mú nǹkan tutù, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, tó ń dáhùn ìkíni. Lálaalẹ́ ni Nọ́fíù ń gbé bátìrì lọ síbi jẹnẹrétọ̀, láàárọ̀ wọ́n á ti ní kó gbé e padà kó tó kún, torí àwọn èèyàn ti ń dé láti kí Alága.

Mátírọ̀nù Asimawu, olórí ọsibítù létí omi, wá bá wọn lọ́jọ́ kan. Obìnrin náà ò kí wọn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

"Ọnọ́rébù, ọkọ̀ ọ̀hún, ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Iṣẹ́ wo tún ni? Ṣé o ò rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Mò ń gbọ́ ọ, sà. Àwọn aláìsàn mi náà ń gbọ́ ọ, wọn ò rí oorun sùn. Ẹ gbọ́, obìnrin kan wà ní Ìdí-Àgbọn lódìkejì, Ọmọ́títí lorúkọ ẹ̀. Ìbejì ló wà níkùn ẹ̀, èyí àkọ́kọ́ sì jókòó, kò dorí kodò. Mo ti sọ fún un pé kó má bímọ sílé rárá. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, kí ọkọ ẹ̀ pè yín lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ lọ gbé e. Àjẹ̀ ò lè gbé e dé kíákíá."

"Mátírọ̀nù." Ọnọ́rébù fi ara ti àga. "Nígbà tí mo wà ní yunifásítì..."

"Sà, ẹ dákun. Ṣé ẹ máa lọ gbé e?"

"Ọkọ̀ tí Kọmíṣọ́nnà ò tíì ṣí, o fẹ́ kí aboyún kọ́kọ́ wọ̀ ọ́? Jẹ́ kí Kọmíṣọ́nnà wá ná. Nathaniel, kọ nọ́ńbà ọkọ ẹ̀ síbì kan."

Nathaniel fi nọ́ńbà náà sórí fóònù ẹ̀: Mùbàṣírù Ìdí-Àgbọn. Mátírọ̀nù dúró títí ó fi rí i pé ó ti wọlé, kó tó lọ.

Kọmíṣọ́nnà dé. Arábìnrin Adéfọlá ni wọ́n ń jẹ́, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń ká apá mọ́ àyà. Tí ọkọ̀ bá wù wọ́n, Ọnọ́rébù á di Alága gbogbo èbúté tó wà nípìńlẹ̀. Ọnọ́rébù ti rán agbádá ẹ̀ sílẹ̀ pàápàá, aláwọ̀ omi.

"Bẹ́ẹ̀dì dà?" Ohun tí Kọmíṣọ́nnà kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

"Ó ń sinmi, Mà," Nathaniel dáhùn.

Kọmíṣọ́nnà wò ó. Wọ́n wọ ọkọ̀.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sórí ọ̀sà: Kọmíṣọ́nnà, Ọnọ́rébù lórí àga, Nathaniel pẹ̀lú fóònù, Nọ́fíù nídìí ẹ́ńjìnì. Ọjọ́ náà mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti Ìwopin wá. Nígbà tí wọ́n dé àárín, Ọnọ́rébù ní kí Nọ́fíù pa ẹ́ńjìnì, kí ariwo má bo ọ̀rọ̀ àwọn.

Nọ́fíù rọra sọ ọ́ sí wọn létí pé, "Sà, tá a bá pa á..."

"Pa á!"

Ó pa á.

Ọnọ́rébù gbé gbohùngbohùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí bí Ọlọ́run ṣe dá omi. Wọ́n dé orí bí wọ́n ṣe bí àwọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ dé yunifásítì. Ní gbogbo àkókò yẹn, fíríìjì ń tutù, fáànù ń fẹ́, GBÉNRÓ ń ṣẹ́jú. Àwọn apẹja tí wọ́n pè wá láti wá pàtẹ́wọ́ ò ṣe méjì, kíkí ni wọ́n ń kí.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ o!" Fììììì-ò!

"Ẹ kú agbádá o!" Fììììì-ò!

"Ẹ kú àárín odò o!" Fììì... fìì... fì.

Gbohùngbohùn náà kú sí àárín ọ̀rọ̀. Ó ṣẹ́ ku ohùn Ọnọ́rébù gangan, ohùn tó kéré bíi ti ẹ̀fọn. GBÉNRÓ di GBÉN, ó di G, ó pòórá.

Fóònù Nathaniel dún nígbà náà. Ó wo orúkọ tó wà lójú ẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà.

"Ọnọ́rébù... Mùbàṣírù Ìdí-Àgbọn ni."

"Ta ni yẹn?"

"Ọkọ aboyún."

Kọmíṣọ́nnà na ọwọ́, wọ́n gba fóònù. "Hẹ̀lóò? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti tó ìgbà wo? Ẹ ti ń bọ̀ lórí omi? Pẹ̀lú àjẹ̀?" Wọ́n yíjú. "Nọ́fíù. Jí ẹ́ńjìnì."

Nọ́fíù yí kọ́kọ́rọ́. Tìkì. Ó tún yí i. Tìkì. Ohùn kan péré, bíi ti ẹni tó fẹ́ sín tí sísín ò wá.

"Okùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Akọ̀wé fi í sá aṣọ, Mà."

"Bátìrì kejì?"

Nọ́fíù wo Ọnọ́rébù. Ọnọ́rébù ń wo ọ̀run.

"A ti so wọ́n pọ̀, Mà. Ìṣọ̀kan ni wọ́n pè é."

"Ìwọ rewáyà, ṣé o ò mọ̀ pé báyìí ló máa rí ni?"

"Mo mọ̀, Mà." Orí ẹ̀ wálẹ̀. "Gbogbo èbúté ló mọ̀. Ìyá àgbà tó ń kí wọn mọ̀. Ta ló fẹ́ di alátakò?"

Kí Kọmíṣọ́nnà tó fèsì, ọkọ̀ àjẹ̀ kan yọ lókèèrè, ó ń bọ̀ tààrà. Mùbàṣírù ló ń wà á níwájú, òógùn ti bo ojú ẹ̀. Ìyá ìyàwó ẹ̀ ń wà á lẹ́yìn. Ọmọ́títí jókòó sáàárín, ó di ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń mí bí ẹni gun òkè.

Nígbà tí wọ́n súnmọ́, Ọmọ́títí gbójú sókè, ó rí ọkọ̀ funfun.

"Ṣé ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé mi nìyí?"

Ọnọ́rébù yíjú sí fíríìjì.

"Ẹ ṣeun o. Mo ti bá yín dé àárín. Ẹ̀yin náà ẹ wá jí i." Ìrora mú un, ó di ojú. "Ẹ jí i, ẹ jọ̀ọ́! Afẹ́fẹ́ yìí ń tì wá padà, apá ọkọ mi ti kú!"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹ wò ó, èmi náà ò lè rẹ́rìn-ín níbí yìí. Ọmọ tó jókòó, afẹ́fẹ́ níwájú, Mátírọ̀nù lódìkejì.

Nọ́fíù ti kúnlẹ̀ sídìí bátìrì. Páláyà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó já wáyà fíríìjì, ó já fáànù, ó já sírẹ́nì, ó já gílóòbù orúkọ.

"Ẹ fetí sí mi," ó ní, ohùn ẹ̀ ò sì rọ̀ mọ́. "Bátìrì tó bá ti rẹ̀, tí wọn ò bá fà á, ó máa ń rí okun díẹ̀ kó jọ padà. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lè gbìyànjú."

"Kí lo so mọ́ ibí yìí?" Kọmíṣọ́nnà tọ́ka sí wáyà tín-ínrín kan.

"Fóònù mi kejì ni, Mà," Nathaniel sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mò ń ṣáàjì."

Wọ́n fà á yọ.

Wọ́n dúró. Mùbàṣírù di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ funfun mú. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn apẹja kan wakọ̀ kọjá, àwọn tí ò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀.

"Ọnọ́rébù o! Ẹ kú ọjọ́ ńlá o!"

Ọwọ́ Ọnọ́rébù gbéra fúnra ẹ̀, ó lọ síbi bọ́tìnì. Wọ́n ti gbàgbé pé Nọ́fíù ti já a.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀," Kọmíṣọ́nnà ní.

"Wọ́n kí mi ni, Mà."

"Mo gbọ́."

"Ọnọ́rébù! Ṣé ẹ̀ ń bínú sí wa ni? Ẹ kú o!"

Ọnọ́rébù jókòó lé ọwọ́ méjèèjì. Òógùn ń bọ́ lórí wọn. Mi ò rò pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó le tó yẹn rí láyé wọn.

"Bísímílláì," Nọ́fíù ní, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Tìkì. Kùù... kùù... kù-kù-VÙÙÙÙ!

Ẹ́ńjìnì jí! Ìyá Ọmọ́títí pariwo Ọlọ́run, Nathaniel pàtẹ́wọ́. Kọmíṣọ́nnà ti fa tìmùtìmù àga ya, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Wọ́n gbé Ọmọ́títí wọlé, ìyá ẹ̀ tẹ̀lé e.

"Màmá, èmi ńkọ́?" Mùbàṣírù béèrè.

Ìyá ìyàwó ẹ̀ kígbe sí i pé, "Ọkọ̀ àjẹ̀ yìí, ẹni tó yá wa, oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ni! O ò lè fi sílẹ̀ sórí omi!"

"Apá mi ti kú, Màmá. Èmi nìkan ò lè wà á dé."

Kọmíṣọ́nnà yíjú sí Ọnọ́rébù.

"Ọnọ́rébù, ọkọ̀ aláìsàn nìyí. Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Mà? Ara mi yá, Mà. Àfi... ẹ̀fọ́rí díẹ̀..."

"Ẹ̀fọ́rí?"

"Ó ti lọ, Mà."

"Ó dáa. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Àjẹ̀ wà níbẹ̀."

"Mà, èmi ni Alága ọkọ̀ yìí!"

"Látònìí lọ, ti Mátírọ̀nù ni. Nọ́fíù, tún bátìrì yẹn yà tá a bá dé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Ọnọ́rébù, obìnrin ń rọbí."

Ẹja Ńlá Inú Ọ̀sà sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀ àjẹ̀, agbádá há sára ọkọ̀ funfun, Nathaniel bá wọn bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ funfun gbéra, ó fi ìgbì gbá wọn lójú, ó lọ bí ọfà.

Ó ku àwọn méjì. Mùbàṣírù na àjẹ̀ sí wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ló ń lọ yẹn. Ẹ ki í bọ omi, ẹ fà á sẹ́yìn."

"Ọmọ mi, mi ò mọ omi í wẹ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wẹ̀? Ẹ wakọ̀!"

Ọnọ́rébù fi àjẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Wọ́n fi gbá omi, omi dà sára Mùbàṣírù. Ọkọ̀ ń yí bí òkòtó. "Ẹ fà á! Ẹ máa fà á lọ! Apá òsì! Òsì, Bàbá, kì í ṣe ọ̀tún!" Nígbà tó yá, wọ́n mọ̀ ọ́n díẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ láti sọ, kò sí èèmí láti fi sọ ọ́. Àtẹ́lẹwọ́ wọn bó. Ní gbogbo ìgbà tí Mùbàṣírù bá dákẹ́, Ọnọ́rébù á gbọ́ bí àyà ọmọkùnrin náà ṣe ń já, wọ́n á tún fà á.

Nígbà tí wọ́n dé Ìwopin, kò sẹ́ni kankan ní èbúté. Gbogbo ìlú ti kó lọ sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Mùbàṣírù fò sínú omi, ó so ọkọ̀, ó sáré. Ọnọ́rébù sáré tẹ̀lé e láìní agbádá, láìní fìlà, ṣòkòtò wọn tutù dé orúnkún.

Ariwo ọmọ méjì ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Méjì! Ìkan ń ké, ìkan ń bá a gbè é. Mùbàṣírù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mátírọ̀nù Asimawu yọjú, ó fi ọwọ́ nu òógùn iwájú orí. Ó wo ọkùnrin tí omi rin tí òógùn bò yìí, kò dá a mọ̀.

"Ta ni yín, sà? A ò gba èrò lọ́pọ̀ níbí."

Ọnọ́rébù Gbénró Oyèbọ̀dé la ẹnu. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn tó bó.

"Èmi ni mo bá bàbá wọn wakọ̀ dé," wọ́n ní.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ bọ́ bàtà yín síta, kẹ́ ẹ wọlé wá wò wọ́n."